Títún àwọn fọ́múlà àfọwọ́kọ ṣe nínú ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n yẹ fáìlì Excel tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn fi ń ṣírò owó wò, kí n sì tún un ṣe kí ìpàdé ọdọọdún tó wọlé. Àpapọ̀ èlé tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde kò bá ti inú lẹ́jà Ìyá Akápò mu. Lẹ́jà ni a gbà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tó ni owó ni ìyá náà ti máa ń ṣírò rẹ̀, tónítọ̀hún á sì fọwọ́ sí i. Ohun tí a kò mọ̀ ni ibi tí fáìlì ti ṣìnà.

Akọ̀wé àná ló fi báírò kọ àwọn fọ́múlà náà, ìyẹn àṣẹ ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, fọ́múlà kan fún òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣàlàyé wọn dáadáa. Lẹ́yìn tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ráyè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ń ṣí ìwé náà, tó ń tẹ fọ́múlà fún ìlà kan, tó tún ń tẹ ẹ́ fún ìlà tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan kọ àmì ìsọdipúpọ̀ ní “x” bó ṣe rí i nínú ìwé, ẹlòmíràn gbàgbé bírákẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn sì fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe é, ó wá tẹ ìdáhùn lé orí fọ́múlà.

Mo kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé àti akápò tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Owó àwọn alájàpá, télọ̀ àti tíṣà ló wà nínú àwọn àpótí wọ̀nyẹn. Àpótí ni mo ń pe ibi kọ̀ọ̀kan tí a ń tẹ nǹkan sí. Òpó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lọ láti òsì sí ọ̀tún.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Mo kọ́kọ́ kọ́pì fáìlì náà, mo fi ọjọ́ sí orúkọ kọ́pì náà, mo sì gbé ojúlówó pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fọwọ́ kàn án. Bí àtúnṣe bá dojú rú, ibẹ̀ la ó padà sí.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnì tó wà lábẹ́ Esc, èyí tó ní àmì ` lórí. Gbogbo ìdáhùn á yí padà di fọ́múlà lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àpótí tí nọ́ńbà lásán jókòó sí láàárín àwọn fọ́múlà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé lè lo FORMULATEXT, tó wà nínú Excel láti ẹ̀dà 2013. FORMULA ni orúkọ tirẹ̀ nínú LibreOffice Calc, ètò ìṣirò mìíràn tó jọ Excel.

Ọgbọ́n tó ràn mí lọ́wọ́ jù kò wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń lo Excel níbí. Nínú Options, ní abala Formulas, ibì kan wà tí wọ́n kọ R1C1 sí. Bí ẹ bá fi àmì sí i, Excel kò ní pe àpótí ní D5 tàbí E6 mọ́, yóò máa sọ bí àpótí kan ṣe jìnnà sí èkejì: “òpó mẹ́ta sẹ́yìn, ìlà kan náà” di RC[-3]. Fọ́múlà tí a kọ́pì wálẹ̀ dáadáa á jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Èyí tó bá yàtọ̀, ojú á rí i kíákíá. Nínú òpó èlé wa, ó yẹ kí n rí fọ́múlà kan ṣoṣo. Ohun tí mo rí kò ṣeé kà tán.

Àwọn àṣìṣe tó ń pariwo

Àwọn wọ̀nyí kò gba àkókò. #NAME? fi hàn pé Excel rí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. “=C9xJ2” wà lára wọn, nítorí àmì * ni Excel mọ̀ fún ìsọdipúpọ̀, àmì / sì ni fún pínpín. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù wá láti inú Word. Akọ̀wé kan ti da àwọn fọ́múlà inú ìwé ìkọ̀wé kọ sí Word kí wọ́n má baà sọnù, ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n Word máa ń tẹ àmì àyọlò títọ́ kọrọdọ. Excel kò ka àmì àyọlò tó tẹ̀ kọrọdọ sí àmì àyọlò rárá. Mo pa wọ́n rẹ́, mo sì tún wọn tẹ̀ nínú Excel fúnra rẹ̀. Fóònù iPhone náà máa ń tẹ àmì yìí kọrọdọ, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí ẹnì kan bá fi fọ́múlà ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù.

#REF! túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti pa òpó tàbí ìlà tí fọ́múlà ń tọ́ka sí rẹ́. Ìwé ìkọ̀wé náà ni mo fi mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo dúpẹ́ pé wọn kò sọ ọ́ nù. #DIV/0! ń sọ pé a ń fi òdo pín nǹkan. Lórí LibreOffice, tí ọmọ ọmọ Ìyá Akápò ń lò, Err:508 ń tọ́ka sí bírákẹ́ẹ̀tì tí kò pé, Err:509 sì ń tọ́ka sí àmì ìṣirò tó sọnù láàárín nǹkan méjì.

Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ti kó lọ sí Kútọnu, òun náà sì ń bá wa tẹ owó àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní èdè Faransé. Bí ó bá ṣí fáìlì, Excel á túmọ̀ orúkọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀: SUM á di SOMME, IF á di SI, VLOOKUP á di RECHERCHEV. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọwọ́ tẹ ohun tó wà nínú ìwé ìkọ̀wé wa, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní gbà á, nítorí sẹmikólọ̀nù ni tirẹ̀ fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀ níbi tí tiwa ti ń lo kọ́mà, kọ́mà sì ni tirẹ̀ níbi tí tiwa ti ń lo pọ́ínǹtì. A fẹnu kò pé iye owó nìkan ni kó máa tẹ̀, kó má fọwọ́ kan fọ́múlà.

Bírákẹ́ẹ̀tì tí Excel fúnra rẹ̀ fi kún un

Ibí ni ìdí ọ̀ràn wà. Nínú ìwé ìkọ̀wé, èlé jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbèsè tó kù. Òpó D ni gbèsè àná, E ni ẹ̀yáwó tuntun, F ni iye tí onígbèsè ti san. Bí akọ̀wé àná ṣe kọ ọ́ nìyí:

=(D5+E5-F5)*10%

Fi owó sí i. Gbèsè àná jẹ́ 150,000 náírà, ẹ̀yáwó tuntun 30,000, ó ti san 60,000. Ó ṣẹ́ ku 120,000, èlé sì jẹ́ 12,000.

Ẹni tó tẹ àwọn ìlà kan fo bírákẹ́ẹ̀tì kejì, ó tẹ =(D5+E5-F5*10%. Excel rí i pé bírákẹ́ẹ̀tì kan ṣí tí a kò pa á dé. Yóò gbé àpótí ọ̀rọ̀ kan wá, á ní òun ti rí àṣìṣe, òun sì fẹ́ tún un ṣe báyìí: =(D5+E5-F5*10%). Ṣé kí òun ṣe é? Ẹni tó ń kánjú á tẹ Yes. Àṣìṣe lọ, ariwo dópin, fọ́múlà wọlé. Nígbà mìíràn, bí ọ̀rọ̀ kò bá lọ́jú pọ̀, bírákẹ́ẹ̀tì ìparí á kàn wọlé láìbéèrè.

Ṣùgbọ́n Excel kò mọ ohun tí èlé jẹ́. Ó mọ̀ pé bírákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ pé méjì, ó sì fi ìkejì síbi tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn ìparí. Ìsọdipúpọ̀ máa ń ṣáájú ìyọkúrò, nítorí náà iye tó san nìkan ni ìdá mẹ́wàá náà kàn: 150,000 àti 30,000, yọ 6,000 kúrò, ó di 174,000. Kọ̀ǹpútà ń sọ pé èlé onítọ̀hún ju gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀ lọ.

Èyí ṣeé tètè rí nítorí pé owó náà pọ̀. Ẹ wo èyí tó kéré: ẹ̀yáwó 20,000, ó ti san 18,000. Èlé òtítọ́ jẹ́ 200 náírà. Fọ́múlà tí Excel tún ṣe mú 18,200 wá. Ẹni tó bá ń wo òpó èlé láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ní fura, torí 18,200 jọ èlé ẹni tó yá owó ńlá. Ìyàwó télọ̀ kan tí gbèsè rẹ̀ ku díẹ̀ kó tán ni wọn ì bá ní kó wá san irú owó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n pinnu pé n kò ní gba àtúnṣe kankan tí ẹ̀rọ bá dábàá láìjẹ́ pé mo ka fọ́múlà náà sókè pẹ̀lú ẹnu ara mi: “Kó gbèsè àná àti tuntun jọ, yọ ohun tó ti san, kó o tó wá mú ìdá mẹ́wàá.” Bí fọ́múlà kò bá ṣeé kà bẹ́ẹ̀, kò tíì tọ̀nà.

Àwọn tó dákẹ́

Àṣìṣe tó ń pariwo kì í pẹ́ kó tó rí àtúnṣe. Àwọn tó dákẹ́ ló jẹ mí lógún jù.

Àkọ́kọ́ ni ìdá èlé. Ẹnì kan tó mọ Excel díẹ̀ ti gbìyànjú àtúnṣe tẹ́lẹ̀: ó gbé 10% lọ sí àpótí J2, ó kọ =(D5+E5-F5)*J2, ó sì fa fọ́múlà náà wálẹ̀. Èrò rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fa fọ́múlà wálẹ̀, J2 náà á máa bá a wálẹ̀: J3, J4, J5. Òfìfo ni J3 àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, Excel sì ka òfìfo sí òdo. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ìlà karùn-ún ni kò jẹ èlé kankan! Àmì dọ́là ni oògùn rẹ̀: $J$2. Ẹ tẹ J2, kẹ́ ẹ tẹ F4, àmì náà á wọlé fúnra rẹ̀.

Ìkejì ni owó tó di ọ̀rọ̀. Nínú òpó F mo rí “18,OOO” tí wọ́n fi lẹ́tà O kọ dípò òdo. Mo rí owó tí àmì àyọlò kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀. Mo rí èyí tí wọ́n kọ́pì láti ojú ewé báńkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àlàfo kan tí ojú kò rí tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lójú ènìyàn, owó ni gbogbo wọn. Lójú SUM, iṣẹ́ Excel tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n, SUM sì máa ń fo ọ̀rọ̀ láìsọ nǹkan kan. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ti san, tó ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́, kò sí nínú àpapọ̀. Mo fi fọ́múlà yìí wá wọn:

=COUNTA(F5:F64)-COUNT(F5:F64)

COUNTA ń ka gbogbo àpótí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, COUNT ń ka nọ́ńbà nìkan. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá jẹ́ òdo, ọ̀rọ̀ ń bẹ láàárín owó. TRIM máa ń mú àlàfo lásán kúrò, ṣùgbọ́n àlàfo tó ti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì wá máa ń jẹ́ oríṣi mìíràn tí TRIM kò lè mú. Èyí ló ṣiṣẹ́: =VALUE(SUBSTITUTE(F5,CHAR(160),"")).

Ìkẹta ni àpapọ̀ tó kúrú. Nígbà tí fáìlì bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó kẹ́yìn wà ní ìlà 40, wọ́n sì kọ =SUM(F5:F40). Ẹgbẹ́ dàgbà, wọ́n ń fi orúkọ tuntun sísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rántí fa fọ́múlà gùn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló ń fa èyí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí gbèsè ìjọba àti ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé, àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń tọ́ka sí i. Ní 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gba fáìlì Excel wọn, ó sì rí i pé fọ́múlà kan dúró ní L30:L44 níbi tó yẹ kó dé L49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni kò wọ inú ìṣirò: Ọsirélíà, Ọ́síríà, Bẹ́ljíọ̀m, Kánádà àti Dẹ́nmárkì. Àríyànjiyàn mìíràn wà lórí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbà pé ti fọ́múlà yìí jẹ́ àṣìṣe. Irú rẹ̀ gan-an ló wà nínú fáìlì ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ìlà òfìfo kan sí abẹ́ orúkọ ìkẹyìn, ní ìlà 65, mo kùn ún ní àwọ̀ eérú, mo sì kọ àpapọ̀ ní =SUM(F5:F65). Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ wọlé lókè ìlà eérú náà. Bí a bá ti fi ìlà kún àárín, fọ́múlà á gùn fúnra rẹ̀.

Ìkẹrin ni ọjọ́. Ètò Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà kan wà lórí, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú ọjọ́. Ẹni tó san owó ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin tí wọ́n tẹ 03/04/2024, Excel kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ti 25/04/2024 kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí náà ó dúró bí ọ̀rọ̀, ó fara ti òsì àpótí. Àwọn tó fara ti òsì rọrùn láti tún ṣe. Àwọn tó ti yí padà láìsọ̀rọ̀ kò ní àmì kankan lára, rìsíìtì nìkan ló lè fi wọ́n hàn, a sì tú rìsíìtì.

Ìkarùn-ún, IFERROR. Ẹnì kan ti fi =IFERROR(…,0), tó ń fi òdo rọ́pò àṣìṣe, bo àwọn àpótí tó ń pariwo kí ìwé lè mọ́ lójú. Èyí bà mí nínú jẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Mo tú gbogbo rẹ̀ ká, mo jẹ́ kí wọ́n pariwo, mo sì tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ àti nọ́ńbà

Ẹgbẹ́ kì í yá ènìyàn ju ìlọ́po méjì àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lọ. Ṣíìtì ẹ̀yáwó ń fi VLOOKUP wá àjẹṣẹ́kù ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ. Fọ́múlà inú ìwé ìkọ̀wé ní apá mẹ́rin, ìkẹrin sì ni FALSE. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ fi ìkẹrin sílẹ̀, nítorí pé Excel gbà á láìsí rẹ̀. Láìsí i, Excel á rò pé orúkọ ti tò tẹ̀ lé ara wọn láti A dé Z, á sì mú èyí tó bá sún mọ́ ohun tó ń wá. Tiwa tò bí àwọn ènìyàn ṣe wọ ẹgbẹ́. Ó wá ń gbé àjẹṣẹ́kù ẹlẹ́ni fún ẹni.

Mo fi FALSE padà, mo sì tún kúrò lórí orúkọ pátápátá. Orúkọ Yorùbá ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, oríṣiríṣi kíbọ́ọ̀dù sì ń tẹ̀ wọ́n lọ́nà oríṣiríṣi. Ẹ tẹ “Ọlá” lórí fóònù kan, kẹ́ ẹ fi LEN kà á, ó lè jẹ́ 3. Lórí kíbọ́ọ̀dù mìíràn ó lè jẹ́ 5, torí àmì tó wà lábẹ́ O àti èyí tó wà lórí a dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ọ̀tọ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. N kò sì fẹ́ yọ àmì kúrò lára orúkọ ènìyàn nítorí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni VLOOKUP ń lò báyìí. Mo tẹ nọ́ńbà náà bí nọ́ńbà lásán, mo wá fi 000 sí ìrísí rẹ̀, kí 7 lè hàn bíi 007 bó ṣe wà lórí pásíbúùkù.

Fọ́múlà tuntun, lẹ́jà àtijọ́

Ní òpó kọ̀ọ̀kan, mo kọ fọ́múlà kan ṣoṣo sí ìlà 5, mo sì fà á dé ìsàlẹ̀. H ni gbèsè tó kù: =D5+E5-F5. G ni èlé: =ROUND(H5*$J$2,2). ROUND ló ń jẹ́ kí owó mọ sí kọ́bọ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ kò sí mọ́, nítorí pé ìyọkúrò ti parí nínú H kí èlé tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pín fọ́múlà gígùn sí òpó méjì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á lè kà á.

Mo fi àpótí àyẹ̀wò kan sí òkè ṣíìtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹgbẹ́:

=IF(ROUND(SUM(H5:H65)-(SUM(D5:D65)+SUM(E5:E65)-SUM(F5:F65)),2)=0,"Ó DỌ́GBA","YẸ̀ Ẹ́ WÒ")

Bí ẹnì kan bá tẹ nọ́ńbà tí kò tọ́ lé fọ́múlà lórí nínú òpó H, àpótí yẹn á yí ohùn padà. Lẹ́yìn náà ni mo ti gbogbo àpótí fọ́múlà pa pẹ̀lú Protect Sheet, mo sì fi àwọn tí a ń tẹ owó sí sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọ́n ní àwọ̀ ìyeyè.

Ìdánwò wá kù. Èmi àti Ìyá Akápò jókòó, wọ́n ṣí lẹ́jà, mo ṣí kọ̀ǹpútà.

“Nọ́ńbà kẹtàdínlógún,” ni wọ́n wí, “ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ́rùn rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà, 120,000. Èlé rẹ̀ ńkọ́, mà?”

“Ẹgbàá mẹ́fà.”

“Ó bá a mu, mà.”

Báyìí la ṣe kà á lọ. Nígbà tí a dé orí ẹnì kan tí kò bá a mu, màmá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n ṣí rìsíìtì, wọ́n rí i pé owó kan wà tí wọn kò tíì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Fọ́múlà kò ní ẹ̀bi níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an sí i, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́jà àti fáìlì máa ní ìdí tí a lè fọwọ́ sọ.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ṣíìtì àjẹṣẹ́kù àti ti ẹ̀yáwó ti parí. Mo ti kọ gbogbo fọ́múlà tuntun sínú ìwé ìkọ̀wé náà, lẹ́yìn ti akọ̀wé àná, pẹ̀lú àpẹẹrẹ owó kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè mọ ìdáhùn tó yẹ kó rí. Ṣíìtì èrè ọdún ló kù. Níbẹ̀, a máa pín èrè gẹ́gẹ́ bí àjẹṣẹ́kù ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tó: =ROUND(C5/C$66*$J$5,2), C66 ni àpapọ̀ àjẹṣẹ́kù, J5 sì ni èrè tí a fẹ́ pín. Bí a bá ń dín owó kù sí kọ́bọ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ lè fi kọ́bọ̀ díẹ̀ yàtọ̀ sí J5, àpótí kan ní ìsàlẹ̀ yóò sì máa fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu ibi tí kọ́bọ̀ náà ń lọ. Ìyá Akápò ti ní àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́ ni kí a gbé e sí.